Sípíkà Gíga Méjì fún Páálọ̀ Nimat

Tépù tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ ló dá gbogbo wàhálà náà sílẹ̀. Nimat jáde láti balùwẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, ó bá Muideen ọkọ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ ní páálọ̀, tó ń wọn ilẹ̀ láti ara ògiri dé ìdí àga. Ó wọ̀n ọ́n láti ibi tẹlifíṣọ̀n dé ibi tí àwọn méjèèjì máa ń jókòó sí. Ó dìde, ó fi ọwọ́ gbá ògiri, ó tẹ́tí sí i, ó tún kúnlẹ̀. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ rẹ̀ ni. Oníṣẹ́ táìsì ni Muideen, bí èèyàn bá sì gba ẹnu rẹ̀ gbọ́, òun ló tẹ́ táìsì sí ìdajì àwọn ilé tó wà ní Magodo. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbé ilé yìí ní Kétu, símẹ́ńtì lásán ló wà nílẹ̀ páálọ̀ tiwọn, kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi bò ó. Ọkùnrin tí kò wo ilẹ̀ ilé ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì rí, kí ló dé tó wá ń wọ̀n ọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi?

"Daddy Hàlímà, kí lẹ̀ ń wọ̀n?"

"Kò sí nǹkan kan," ni Muideen wí, ó sì ká tépù rẹ̀ sápò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá ọkùnrin gbé, ẹ mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ tí nǹkan pọ̀ nínú rẹ̀ tó "kò sí nǹkan kan." Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Oníṣẹ́ táìsì náà kì í sì í dédé kúnlẹ̀ síbi tí kò ti sí táìsì.

Láyé ìgbà kan, Nimat ì bá da ìbéèrè bò ó títí yóò fi jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ ti di iṣẹ́ fún un. Ohùn ni wọ́n fi mọ Nimat ní gbogbo Ìkòsí nígbà náà. Òun ló ń gbé orin fún àwọn ìyá àsálátù tó ń péjọ ní ọjọ́ Àìkú, bó bá sì ti gbé e, àwọn tó ń kọjá lọ lójú títì á rọra tẹsẹ̀ dúró. Nígbà tó yá, gẹ̀gẹ̀ yọ sí i lọ́rùn. Wọ́n gé e ní ọsibítù, gẹ̀gẹ̀ lọ, ohùn bá a lọ. Èyí tó ṣẹ́ kù ń ha, ó ń já lágbede méjì ọ̀rọ̀, bó bá sì fẹ́ pariwo, afẹ́fẹ́ lásán ni yóò jáde. Dókítà ní ohùn á padà. Àlùfáà ní ohùn á padà. Ìyá rẹ̀ pè é láti Ìṣẹ́yìn pé kó máa mu omi gbígbóná, pé ohùn á padà. Òjò ọdún yẹn rọ̀, ó dá, ti ọdún kejì náà rọ̀, ohùn kò padà. Nimat fi orin gbígbé sílẹ̀, ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń rán híjáàbù, ó sì jẹ́ kí ẹ̀rọ ìránṣọ máa bá òun sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rù kan ló ń bà á, kò sì sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Ohùn yẹn ni Muideen fi fẹ́ ẹ. Ọkùnrin náà ń tẹ́ táìsì sí mọ́ṣáláṣí kan lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí àwọn ìyá àsálátù ń dán orin wò níta, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó jáde, ó béèrè ẹni tó ń kọrin. Kò tí ì rí ojú rẹ̀ nígbà tó ti ń béèrè ilé bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ́ra wọn tán, kò sí ọ̀sán kan tí kì í pè é láti ibi iṣẹ́, kì í ní ọ̀rọ̀ gidi kan láti sọ, ó kàn fẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ ni. Láti ìgbà tí ohùn ti lọ, kò pè é mọ́. Ó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. *Mo ti dé ibi iṣẹ́. Mo máa pẹ́ díẹ̀.* Bí ohun tó fi fẹ́ni bá ti lọ, kí ló kù tó so ọkùnrin mọ́lé? Ìbéèrè tí Nimat ń bá sùn nìyẹn, òun náà ló ń bá jí.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn, Muideen fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní sípíkà lòun fẹ́ rà.

"Sípíkà wo?"

"Àwọn gíga yẹn, tó máa ń dúró nílẹ̀. Ọ̀kan á wà lápá ọ̀tún tẹlifíṣọ̀n, ọ̀kan á wà lápá òsì. Hóòmù tíátà ni. Ká lè máa gbádùn fíìmù."

Muideen, fíìmù. Ọkùnrin yìí kan náà ni o. Bí wọ́n bá ti ń kọ orúkọ àwọn òṣèré sójú tẹlifíṣọ̀n ló máa ń gbé orí lé apá àga, kí olówó inú fíìmù sì tó fi ọmọ ọ̀dọ̀ sílóyún, Muideen ti ń hanrun. Kò mọ ìparí fíìmù kan rí láyé rẹ̀. Òun ló wá fẹ́ gbé sípíkà gíga wálé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó sọ ọ́ fún Àbẹ̀kẹ́ onídìrí, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń gbé ọ̀rọ̀ lọ bá tó bá fẹ́ sùn dáadáa lálẹ́, ṣùgbọ́n òun ló súnmọ́ tòsí.

"Ó ń wọn páálọ̀?" Àbẹ̀kẹ́ fi orí tó ń dì sílẹ̀, oníbàárà rẹ̀ náà sì yí ọrùn kó lè gbọ́ dáadáa. "Ìyá Hàlímà, gbọ́ mi. Ọ̀dà ni ọkọ tèmi fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ tún ilé kùn, inú mi dùn, èmi ni mo bá a yan àwọ̀. Mo ní kó lo àwọ̀ ewé. Àṣé iyàrá orogún mi ni mo ń bá a kùn. Kí ọ̀dà tó gbẹ, ìyàwó ti dé."

"Sípíkà ló ní òun fẹ́ rà."

"Sípíkà kẹ̀. Ó ti gbọ́ pé ìyàwó tuntun fẹ́ràn orin nìyẹn. Bí ọkùnrin bá ṣàdédé ń tún ilé ṣe, kì í ṣe torí ẹni tó ti wà nínú ilé. Níbo ló ti fẹ́ rà á?"

"Lọ́dọ̀ Aunty Ẹ̀bùn kan ní Ìkòsí."

Àbẹ̀kẹ́ àti oníbàárà rẹ̀ wo ara wọn. Wíwò yẹn sì burú ju ọ̀rọ̀ lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni Nimat ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọkọ rẹ̀. Ìfura loògùn àgbà, ó sì lo oògùn náà láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Bí Muideen bá bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó gbóòórùn rẹ̀. Òórùn símẹ́ńtì àti òógùn ara ló ti mọ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ní àwọn ọjọ́ kan, ṣẹ́ẹ̀tì náà máa ń tutù, á máa rùn bíi kápẹ́ẹ̀tì tuntun, bí ẹni tó ti jókòó pẹ́ nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́. Ibi iṣẹ́ wo ni wọ́n ti ń tan ẹ̀rọ amúlétutù fún oníṣẹ́ táìsì? Ó bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀. Muideen ní ọ̀dọ̀ Aunty Ẹ̀bùn ni, òun lọ tẹ́tí sí sípíkà. Ó sọ ọ́ láìmikàn. Èyí tún bí Nimat nínú sí i, nítorí irọ́ tó ní àdírẹ́sì ló máa ń ṣòroó já.

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ," ni ó wí. "Páálọ̀ mi náà ni. Ó yẹ kí n bá yín yàn án."

Ojú Muideen yí padà. Nimat rí i kedere.

"Má ì tí ì lọ ná. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ èyí tó dáa."

"Ẹ ò tí ì mọ̀ látọjọ́ yìí?"

"Kò rọrùn tó bó o ṣe rò ó," ni Muideen wí, ó sì jáde lọ ṣe àlùwàlá nígbà tí wọn kò tí ì pe ìrun.

Èyí tó wá pa á pátápátá ni ti ọjọ́ Ẹtì. Ó ń ká aṣọ ní ẹ̀yìn fèrèsé, ó gbọ́ Muideen lórí fóònù ní fàráńdà. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó rọ̀ bí ìgbà tó ń wá ilé bàbá Nimat kiri. "Aunty Ẹ̀bùn, ẹ má tí ì jẹ́ kí ẹnì kankan gbé e o. Ohùn yẹn ò kúrò létí mi látàná. Mi ò sùn dáadáa. Mo ń bọ̀ lọ́la."

Ohùn. Ó lè fara da kí wọ́n sọ pé ọkọ òun rí obìnrin tó pupa, tàbí tó kéré lọ́jọ́ orí, tàbí tó lówó. Ohùn ni kò lè fara dà. Ó jókòó lé aṣọ tó ká lórí, ó sì jókòó síbẹ̀ títí tí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ Sátidé, Muideen wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, ó ní òun fẹ́ lọ wo iṣẹ́ kan ní Magodo kí òun tó yà sí Ìkòsí. Nimat ní kó máa lọ, kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ. Ó jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀, ó dé híjáàbù dúdú tí kì í dé jáde, ó wọ kẹ̀kẹ́. Ọkọ̀ tòmátì kan tó ń ti Mile 12 bọ̀ dí ọ̀nà níwájú wọn, oníkẹ̀kẹ́ ń bú dírẹ́bà, dírẹ́bà ń bú oníkẹ̀kẹ́. Nimat kò gbọ́ ìkankan nínú rẹ̀, nítorí ó ń to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ. Kò fẹ́ kí ohùn já mọ́ òun lẹ́nu níwájú obìnrin yẹn.

Ṣọ́ọ̀bù náà wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ní ilẹ̀kùn gíláàsì, òtútù tó wà nínú rẹ̀ sì gbá a lójú bó ṣe wọlé. Òórùn kápẹ́ẹ̀tì tuntun. Ó ti mọ òórùn yẹn dáadáa. Obìnrin tó dìde kí i sanra díẹ̀, sílípáàsì ló wọ̀, gíláàsì ojú rẹ̀ ti rọ̀ wá sí imú, kò sì kun nǹkan kan sójú. Nimat wò ó látòkè délẹ̀. Kò lọ́ṣọ̀ọ́ rárá. Àwọn tí kò lọ́ṣọ̀ọ́ yìí gan-an ló yẹ kí èèyàn bẹ̀rù.

"Ẹ káàbọ̀, ma. Ẹ jókòó. Èmi ni Ẹ̀bùnọlá. Kí lẹ fẹ́ ká fi hàn yín?"

"Sípíkà," ni Nimat wí. "Àwọn gíga tó ń dúró nílẹ̀. Fún hóòmù tíátà."

Wọ́n tò wọ́n sára ògiri ní méjì méjì, àwọn kan dúdú tí wọ́n ń dán, àwọn kan ní àwọ̀ igi, àwọn mìíràn ga dé àyà èèyàn. Nimat rìn láàárín wọn bí ìyá tó wá wo àwọn tó fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀.

"Báwo ni páálọ̀ yín ṣe tóbi tó, ma?"

"Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

Ẹ̀bùnọlá rẹ́rìn-ín. "Torí kí n má ta èyí tó máa lé yín jáde fún yín ni. Ẹlòmíràn á gbé sípíkà ńlá sí páálọ̀ kékeré, ariwo lásán ló máa gbọ́. Bó bá sì ti lẹ̀ mọ́ ògiri jù, báàsì, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀, á kàn máa dún wùù ni, ẹ ò ní í gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú fíìmù. Ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kó jìnnà sí ògiri díẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ máa jókòó sí náà ṣe pàtàkì. Ẹ lọ wọ̀n ọ́n nílé."

Ìdí tí Muideen fi ń wọn ilẹ̀ nìyẹn. Nimat gbọ́ èyí, ó sì kọ̀ láti gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ purọ́ dáadáa ni yóò fi òótọ́ bíi mélòó kan bẹ̀rẹ̀. Ó di sípíkà dúdú kan mú ní ọrùn, ó gbìyànjú láti gbé e, ó wúwo. Ó fi ìka kan án.

"Wọ́n ní ẹ máa ń da símẹ́ńtì sínú ẹ̀ kó lè wúwo."

"Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, Mummy. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń jẹ́ kí kọ́sítọ́mà fi ìwúwo yàn án. Etí ni kẹ́ ẹ fi yàn án. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fi etí yàn án, ẹ má mú orin tí gbogbo ayé ń gbọ́ wá, kò sí sípíkà tí kò mọ̀ ọ́n kọ. Ohùn tẹ́ ẹ mọ̀ jù láyé ni kẹ́ ẹ mú wá. Bí sípíkà bá ń purọ́, ohùn yẹn ló máa tú àṣírí ẹ̀. Ọ̀nà tí mo fi ń tà á nìyẹn." Ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn kan ní ẹ̀yìn. "Kọ́sítọ́mà mi kan wà ní yàrá tí a ti ń dán an wò báyìí. Ó ti ń bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Ohùn obìnrin kan ṣoṣo ló máa ń mú wá. Ó ti kọ gbogbo èyí tó wà níbí tán, ó ní wọn ò gbé obìnrin náà dáadáa. Ìjẹta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ̀kan tó bá a lára mu."

"Obìnrin wo?"

"Mi ò béèrè, ma. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ẹ̀ o. Ó máa ń di ojú ni."

Bàtà méjì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, nítorí kápẹ́ẹ̀tì inú yàrá náà. Símẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi ń dí ojú táìsì ti gbẹ mọ́ etí wọn. Nimat ló ra bàtà náà fún un nígbà ọdún iléyá. Ó fi Ẹ̀bùnọlá sílẹ̀ níbi tó ti ń sọ̀rọ̀, ó lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Obìnrin kan ń kọrin nínú yàrá náà.

Ohùn náà mọ́. Ó ń lọ sókè láìfi ipá ṣe é, ó ń dúró lókè níbẹ̀ bó ṣe wù ú, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó bá tó o. Ohùn ẹni tí nǹkan kan kò tí ì ṣe rí. Nimat kórìíra rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó kórìíra bó ṣe ń fa òpin ọ̀rọ̀, ó kórìíra ìgbéraga tó wà nínú rẹ̀, àní ó dá a lójú pé ẹni tó ń kọ ọ́ mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n kọ. Orin àsálátù ni pẹ̀lú. Ìyẹn ni pé Mùsùlùmí ni. Ìyẹn ni pé kò sí ohun tó lè ní kí wọ́n má fẹ́ra wọn. Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú láti ṣí i.

Obìnrin inú yàrá náà dá orin dúró lójijì, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ràímì, ẹ gbè é dáadáa jàre, àbí ẹ ò jẹun láàárọ̀ ni?"

Ọwọ́ Nimat dúró. Ìyá Ràímì ti kú. Ó wà lára àwọn tó ń gbe orin fún un, ó fẹ́ràn oúnjẹ, ẹnì kan ṣoṣo ló sì láyà láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ẹgbẹ́, òun náà ni Nimat. Orin tún bẹ̀rẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ nítorí pé kò sẹ́ni tó ń ti ìta gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Inú ara ẹni ni a ti máa ń gbọ́ ọ. Báyìí ni àwọn ará ìta ṣe ń gbọ́ òun nígbà náà, báyìí ni Muideen ṣe gbọ́ òun ní ọjọ́ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nídìí táìsì mọ́ṣáláṣí, òun nìkan ni kò gbọ́ ọ rí.

Ẹ máa rò pé inú rẹ̀ dùn. Kò dùn. Ó bà á nínú jẹ́ ju bí ì bá ṣe bà á nínú jẹ́ tó bá bá ọmọge kan lórí ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀. Èèyàn lè bá ọmọge jà, ó lè lé e jáde, ó lè gbàdúrà kó di arúgbó. Àmọ́ orogún tí Muideen rí yìí kò ní í darúgbó, kò ní í ṣàìsàn, kò sì sí abẹ kankan tó lè kàn án lọ́rùn láéláé.

Ó ṣí ilẹ̀kùn.

Muideen jókòó sáàárín yàrá náà lórí àga, sípíkà dúdú méjì tó ń dán dúró sí iwájú rẹ̀, ó di ojú. Nígbà tó la ojú, tó rí ẹni tó wọlé, ó dìde lẹ́ẹ̀kan náà bí olè, ó ń wá ibi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀rọ náà. Ẹ̀bùnọlá tó ti tẹ̀lé Nimat wọlé ló bá a pa á.

"Ìyá Hàlímà," ni Muideen wí.

"Fíìmù lẹ ní ẹ fẹ́ máa wò."

"Irọ́ ni." Ó jókòó padà. "Mo tẹ́ táìsì sí ilé ọ̀gá kan ní Magodo, wọ́n ń dán hóòmù tíátà tiwọn wò. Obìnrin kan sọ̀rọ̀ nínú fíìmù, mo yíjú wo ẹ̀yìn, mo rò pé ó dúró sẹ́yìn mi ni. Àṣé sípíkà ni. Mo wá rántí pé mo ní ohùn rẹ nínú fóònù mi àtijọ́, èyí tí mo gbà sílẹ̀ níbi ṣíṣí mọ́ṣáláṣí. Mo rò ó pé bí mo bá rí sípíkà tó dáa bí ti wọn…"

"Ẹ máa gbé mi dúró sí páálọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo wà ní páálọ̀ yẹn, Daddy Hàlímà. Ibẹ̀ ni mo wà látọjọ́ yìí."

Ẹ̀bùnọlá ní òun ń bọ̀, ó fẹ́ jáde, Nimat ní kó dúró.

"Ẹ ò pè mí lọ́sàn-án mọ́. Kí ni mo ṣe fún yín?"

"Dókítà ní kó o má máa fipá sọ̀rọ̀."

"Ọjọ́ wo ni dókítà sọ ìyẹn?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo bá pè ọ́, tó o gbé e, ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹlòmíràn ló gbé fóònù. Mi ò fẹ́ kó o gbọ́ ọ nínú ohùn mi pé ó ń ṣe mí bẹ́ẹ̀. Mo ní kí n má kúkú pè."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn, ó sì dun Nimat dé egungun. Ṣùgbọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ pípẹ́, ó gba ohun tí ọkọ rẹ̀ sọ gbọ́. Ó yíjú sí Ẹ̀bùnọlá.

"Ẹ ní ohùn tí èèyàn mọ̀ jù ni kó fi yàn án."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma."

"Ẹ gba tèmi sílẹ̀."

Ẹ̀bùnọlá yọ fóònù rẹ̀, ó gbé e súnmọ́ Nimat lẹ́nu. Nimat kò kọrin. Ohun tó máa ń sọ nílé ló sọ. "Daddy Hàlímà, oúnjẹ ti tutù. Ẹ bọ́ bàtà yẹn síta, ẹ má gbé símẹ́ńtì wọlé. Hàlímà pè láti iléèwé, ó ní kí n kí yín, mo ní ẹ ti sùn, ẹ ti ń hanrun lórí fíìmù." Ohùn náà já lẹ́ẹ̀kan, ó tún un sọ. Ó tán.

Wọ́n fi í sínú àwọn sípíkà dúdú tó ń dán. Ó burú. Gbogbo híha tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n yọ síta, wọ́n sì jẹ́ kó máa gé etí. Nimat fúnra rẹ̀ fà sẹ́yìn. Ó yíjú wo ojú ọkọ rẹ̀ láti mọ̀ bóyá yóò pa bó ṣe rí lára rẹ̀ mọ́, ọkọ rẹ̀ kò pa nǹkan kan mọ́. Ojú rẹ̀ fi hàn pé ó dùn ún.

"Ẹ jẹ́ n gbìyànjú àwọn yẹn," ni Ẹ̀bùnọlá wí. Àwọn aláwọ̀ igi méjì kan wà lẹ́bàá ògiri, wọn kò ga tó ti dúdú, wọ́n sì sanra jù wọ́n lọ. Àwọn yẹn ni Muideen kọ́kọ́ kọ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ní wọ́n sọ obìnrin òun di àgbàlagbà. Ẹ̀bùnọlá fà wọ́n kúrò lára ògiri, ó so okùn wọn.

Ohùn náà jáde. Híha rẹ̀ wà níbẹ̀, jíjá rẹ̀ wà níbẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n ó ní ara, ó ní àyà, ó dúró sáàárín yàrá náà lórí ẹsẹ̀ méjèèjì. Obìnrin kan tó ti rí nǹkan láyé, tó ti rẹ̀, tó sì ń fi ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó kan ibi híhanrun, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Muideen láìròtẹ́lẹ̀. Nimat ṣọ́ ẹ̀rín náà bí ọlọ́pàá. Ó wá ẹ̀tàn nínú rẹ̀ lápá ọ̀tún, ó wá a lápá òsì, kò rí i.

"Ẹ tún un gbé sí i," ni Muideen wí. Wọ́n tún un gbé sí i. Ó ní kí wọ́n tún un ṣe.

Ẹ̀bùnọlá pa ẹ̀rọ náà. "Ọ̀gá, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbé e délé kẹ́ ẹ wá dá a padà. Ẹ rántí pé ohùn tẹ́ ẹ mú wá yẹn ò dùn nínú èyí. Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́. Ti dúdú ló gbé e dáadáa."

Muideen dìde. Ó wo sípíkà dúdú méjèèjì, Nimat sì ń wò ó.

"Ẹni yẹn ti lọ, Aunty Ẹ̀bùn," ni ó wí. "Kò ní í padà mọ́. Ẹni tó wà nílé ni mo fẹ́ máa gbọ́. Ẹ bá wa di aláwọ̀ igi."

Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún Nimat rí. Gbogbo ayé ló ń sọ pé ohùn á padà, òun náà sì ń bá wọn ṣe àmín, ó ń dúró dè é láràárọ̀ bí ẹni tó ń retí àlejò tí kò sọ ọjọ́ tó ń bọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì láàárín sípíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó fi ohùn tó kù fún un sunkún, ó sun ún sókè, kò sì fi ọwọ́ bo ẹnu.